Ṣé ó dáa ká gba bàtà lẹ́sẹ̀ ọmọ torí pé ọdún dé?

Bàbá Ìbejì Ọ̀yọ́:

Ẹ kú ilé o, ẹ kú ìmúra ọdún. Ọ̀rọ̀ kan ti ń da èmi àti ìyàwó mi láàmú láti ọjọ́ Àìkú, mo ní kí n gbé e wá síwájú yín kó tó di ìjà. Ìbejì wa ti pé ọmọ ọdún mẹ́jọ, obìnrin ni Táyé, ọkùnrin ni Kẹ́hìndé. Ìyàwó mi ní Kérésì ọdún yìí wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́ bí wọ́n ṣe ń fún èèyàn ní nǹkan, ká gbé ìrẹsì àti Indomie lọ sílé àwọn ọmọ aláìlóbìí lọ́jọ́ kejì ọdún, kí àwọn ìbejì fọwọ́ ara wọn gbé e kalẹ̀, ká ya fọ́tò. Ìyẹn ò burú, fọ́tò yẹn nìkan ló ń kọ mí lóminú. Ibi tó ti wá bàjẹ́ ni pé ó ṣí wọ́dúróòbù àwọn ọmọ, ó ń ṣa aṣọ àti bàtà tó ní ó ti pọ̀ jù sínú Ghana-must-go, bàtà pupa kan tí Táyé fẹ́ràn bí ojú bá a wọ inú báàgì, ọmọ bú sẹ́kún, ìyá ẹ̀ wá ní "ahun ni ẹ́, o ò láàánú". Ọmọ ọdún mẹ́jọ! Látìgbà yẹn "ẹ káàárọ̀ mà" nìkan ló kù láàárín wọn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti tọ́mọ jù wá lọ, ṣé bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọmọ ní ìlawọ́ nìyẹn àbí èmi ni mò ń kẹ́ ọmọ bà jẹ́?

* * *

Ìyá Onírẹsì Tákíè:

Bàbá Ìbejì, ẹ kọ́kọ́ bá mi kí Táyé, ẹ ní ẹnì kan l'Ógbómọ̀ṣọ́ ń gbè é lẹ́yìn.

Ìbéèrè kan ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ bi ìyàwó yín, ohùn jẹ́jẹ́ ni kẹ́ ẹ fi bi í o. Bàtà ta ni? Tó bá jẹ́ ti Táyé, Táyé nìkan ló lè fi tọrẹ. Tó bá sì jẹ́ ti ìyá ẹ̀ torí pé owó ẹ̀ ló fi rà á, a jẹ́ pé ìyá ló tọrẹ, ọmọ ò fún ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan, wọ́n kàn gba nǹkan lọ́wọ́ ẹ̀ ni. Ẹ ò lè ní bàtà kì í ṣe tiẹ̀ nígbà tẹ́ ẹ fẹ́ mú un, kẹ́ ẹ wá ní tiẹ̀ ni nígbà tẹ́ ẹ fẹ́ kó gbàdúrà lé e lórí.

Mo mọ ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa sọ, wọ́n á ní kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Èmi náà máa ń pa òwe yẹn. Àmọ́ ẹ̀ka ni wọ́n ní ká pẹ̀, wọn ò ní ká fa gbòǹgbò tu.

Ojú mi ti rí i rí ni mo ṣe ń sọ̀rọ̀. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí, ọ̀la ni Iléyá, ọmọ àbúrò bàbá mi kan dé láti Ìrẹsàapa pẹ̀lú aṣọ ẹyọ kan, ìyá mi wọ yàrá, wọ́n mú bùbá àti ìró léèsì mi tí mo tíì wọ̀ lẹ́ẹ̀kan péré, wọ́n gbé e fún un. Wọn ò bi mí. Ọjọ́ kejì mo rí léèsì mi ní yídì lára ẹlòmíì, àwọn èèyàn ń yin ìyá mi pé ọ̀làwọ́ obìnrin ni wọ́n, òótọ́ sì ni, ọ̀làwọ́ ni wọ́n títí dòní. Èmi ńkọ́? Ohun tí mo kọ́ lọ́jọ́ yẹn ni pé nǹkan tó bá dáa, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni kéèyàn máa tọ́jú ẹ̀ sí. Mo kó wọn síbẹ̀ títí wọ́n fi kéré jù mí lọ, eku ló jẹ òmíì níbẹ̀. Àánú ọmọ Ìrẹsàapa yẹn ò ṣe mí rárá, inú ẹ̀ ni mò ń bí sí, ọmọ tí ò ṣẹ̀ mí ní nǹkan kan.

* * *

Alàgbà Ìjẹ̀rú:

Ọmọ mi, ọ̀rọ̀ yín dùn ún gbọ́, ṣùgbọ́n ọmọ kì í ní nǹkan. Aṣọ ọrùn ẹ̀ àti bàtà ẹsẹ̀ ẹ̀, òbí ló ni ín, òbí ló ni ọmọ pàápàá. Tá a bá ní ká máa gbàyè lọ́wọ́ ọmọ ọdún mẹ́jọ ká tó fi nǹkan ṣe sàráà, òyìnbó la ń ṣe yẹn, kì í ṣe ìwà ilé wa.

* * *

Ìyá Onírẹsì Tákíè:

Bàbá, ẹ ṣé gan-an sà. Mi ò ní bá yín jiyàn pé òbí ló lọmọ. Ibi tó ti ń dùn mí ni pé ẹni tó máa dáni láṣọ, tọrùn ẹ̀ là á wò. Tí ọmọ ò bá ní nǹkan kan láyé tó lè pè ní tiẹ̀, kí la fẹ́ kó fi kọ́ ìlawọ́?

Ẹ jẹ́ ká mú owó ọdún wò. Ọjọ́ ọdún, ọmọ wọ aṣọ tuntun, ó lọ kí bàbá àgbà, wọ́n fún un ní 200 náírà, àbúrò ìyá ẹ̀ fún un ní 500, ọ̀rẹ́ bàbá ẹ̀ tó ti mu díẹ̀ sára fún un ní 1000. Ó di ìrọ̀lẹ́, ìyá ní "kó o wá kí n bá ẹ tọ́jú ẹ̀". Ta ló tún rí owó yẹn mọ́ láyé? Tèmi ṣì wà lọ́wọ́ ìyá mi látọdún 1989, wọ́n wà láàyè, tí mo bá béèrè wọ́n á ní oúnjẹ tí mo jẹ láti kékeré dà. Gbogbo wa la rẹ́rìn-ín sí i, gbogbo wa la sì tún ń ṣe é fún ọmọ tiwa. Lẹ́yìn náà a ó wá ní ọmọ yìí háwọ́. Owó tó kan ọwọ́ ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lọ́dún, wákàtí mélòó ló lò lọ́wọ́ ẹ̀?

Látọdún 2019 ni mo ti jáwọ́ nínú ìyẹn. Ọmọ mẹ́ta ni mo bí, ẹnì kọ̀ọ̀kan ní agolo mílíìkì mẹ́ta tí mo fọ̀, owó ọdún á wọ inú agolo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ọ̀kan ni wọ́n ń ná, ọ̀kan ni wọ́n ń tọ́jú, ọ̀kan ni wọ́n máa fi fún ẹnì kan. Ẹni tí wọ́n máa fún ò kàn mí. Ibi tó ti le nìyẹn o, torí ẹnu ń yún mi.

Ẹ má rò pé ó yọrí sí rere lọ́wọ́ kan. Ọdún àkọ́kọ́, àkọ́bí mi ọkùnrin kó gbogbo agolo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ra nókáòtù, kò fún ẹnì kankan ní kọ́bọ̀, àfi ariwo tó fún gbogbo àdúgbò. Àbíkẹ́yìn mi, ní tiẹ̀, yá ẹ̀gbọ́n ẹ̀ lówó inú agolo ọrẹ, ó ní kó dá 50 náírà lé e tó bá ń san án padà. Mo ń kọ́ ẹnì kan ní ọrẹ, ó ń kọ́ra ẹ̀ ní èlé! Àmọ́ èkejì, obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́jọ bíi Táyé nígbà yẹn, ọjọ́ kan la jọ ń bọ̀ láti ṣọ́ọ̀bù, ó ní kí n dúró, ó sáré padà lọ fún ọmọ kan tó ń ta píọ́ wọ́tà ní 300 náírà. Mo fẹ́ẹ̀ pariwo, mo ti ní ẹlòmíì lọ́kàn fún owó yẹn, ìyá opó kan ní ṣọ́ọ̀ṣì. Mo bi í pé kí ló dé. Ó ní "slípáàsì ẹ̀ ti já, ó fi ọ̀rá so ó". Ojoojúmọ́ ni mò ń kọjá lára ọmọ yẹn. Mi ò rí slípáàsì ẹ̀ rí.

* * *

Ìyá Onírẹsì Tákíè:

Mo tún padà dé, oníbàárà kan ló pè mí. Kódà òun ló rán mi létí èyí tí mo fẹ́ sọ.

Ìrẹsì ni mò ń tà, ìrẹsì, ẹ̀wà, gàrí àti èlùbọ́ láfún. Tó bá ti di nǹkan bí ọjọ́ kẹwàá oṣù Kejìlá, àwọn tó fẹ́ pín nǹkan á bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé, èèyàn ń bọ̀ láti ṣọ́ọ̀ṣì, èèyàn ń bọ̀ láti ẹgbẹ́, ẹlòmíì dá ṣe é fúnra ẹ̀. Gbólóhùn àkọ́kọ́ tó máa jáde lẹ́nu mẹ́jọ nínú mẹ́wàá: "Ìyá, pípín la fẹ́ pín in o, èyí tówó ẹ̀ kéré jù ni kẹ́ ẹ mú wá". Màá mú un jáde. Wọ́n á bù ú lọ́wọ́, wọ́n á rí òkúta, wọ́n á rí i pé ó ti rún, wọ́n á ní kò burú. Kí wọ́n tó lọ wọ́n á wá ní "ẹ bá mi wọn kóńgò márùn-ún èyí tó dáa yẹn sí i, tilé nìyẹn". Ọmọ wọn á sì dúró tì wọ́n, á ti mú báàgì méjèèjì dání, á ti mọ èyí tí tálákà máa jẹ àti èyí tí òun máa jẹ. Kò sí ẹ̀kọ́ Sunday School tó lè bá ìyẹn figagbága.

Kẹ́ ẹ má bàa sọ pé mò ń dá àwọn oníbàárà mi lẹ́jọ́, èmi fúnra mi ṣe jùyẹn lọ. Ẹ̀wà kan wà nílẹ̀ tí kòkòrò ti ń jẹ, mi ò lè tà á mọ́, mo ní ká fi ṣe sàráà, ó kúkú bọ́ sí àsìkò ààwẹ̀. Àwọn ọmọ ń bá mi dì í sínú ọ̀rá. Èkejì mi yìí náà ló gbójú sókè, ó ní "Mọ́mì, ṣé èyí téèyàn ò lè jẹ lèèyàn máa ń fúnni?" Mo gbá a létí? Rárá o, ṣùgbọ́n ó kù díẹ̀. Ìgbà tí mo ròyìn ẹ̀ fún bùrọ̀dá mi tó jẹ́ alùfáà, ó kàn ní kí n lọ bá wọn ka Súrà Bákárà nínú Kùránì, ẹsẹ ìkẹtàdínláàádọ́rinlérúgba (267): ẹ má ṣe ṣa èyí tí ò dáa nínú nǹkan yín pé òun lẹ fẹ́ fi tọrẹ, èyí tó jẹ́ pé tí wọ́n bá fún ẹ̀yin náà, àfi kẹ́ ẹ dijú kẹ́ ẹ tó lè gbà á. Adìẹ ló jẹ ẹ̀wà yẹn níkẹyìn.

Nǹkan mìíì tí mo máa ń bá wọn fà ni iye. Báàgì ìrẹsì kan, àádọ́ta kílò, wọ́n á ní kí n pín in sí ọ̀rá ọgọ́rùn-ún. Ẹ bá mi ṣírò. Ààbọ̀ kílò ni ọ̀rá kan. Ìyá tó ní ọmọ mẹ́rin, tí ìyá ọkọ ẹ̀ ń gbé lọ́dọ̀ ẹ̀, kí ló fẹ́ fi ìyẹn ṣe, tí ò ní epo, tí ò ní ata? Mo ní ẹ jẹ́ ká pín in fún ogún ilé, kílò méjì ààbọ̀ ilé kan, wọ́n á sè é lọ́dún, wọ́n á tún ṣẹ́kù. Wọ́n ń kọ̀. "Ọgọ́rùn-ún ìdílé" ló dùn ún pè lórí maikirofóònù. Owó yín ni, èmi á dì í bẹ́ ẹ ṣe fẹ́.

* * *

Sisí LAUTECH:

Ìyá, mo gbádùn yín àmọ́ lórí fọ́tò mo fẹ́ tako Bàbá Ìbejì. Àwa tá a ń kó owó jọ láàárín ara wa ká tó lọ pín nǹkan, tá ò bá gbé fọ́tò sórí status kò sẹ́ni tó máa dá owó lọ́dún tó ń bọ̀. Fọ́tò ló ń jẹ́ kí ẹlòmíì náà fẹ́ ṣe.

* * *

Ìyá Onírẹsì Tákíè:

Àbúrò mi, o rí òtítọ́ kan sọ níbẹ̀, jẹ́ n yọ̀ǹda ẹ̀ fún ẹ. Ẹni tó ń gba owó olówó gbọ́dọ̀ jíhìn. Ya báàgì ìrẹsì, ya rìsíìtì mi, mo máa ń kọ ọ́ gàdàgbà. Ojú ẹni tó gbà á ló yẹ kó yọ kúrò níbẹ̀.

Àwọn èèyàn ń fi ẹ̀sìn jà lórí èyí lásán. Bíbélì ní kí ọwọ́ òsì rẹ má mọ ohun tí ọwọ́ ọ̀tún rẹ ń ṣe, hádíìsì náà sọ ohun kan náà gẹ́lẹ́ nípa ẹni tó ṣe sàráà tó fi pa mọ́. Bó sì ṣe wà nínú Kùránì pé tẹ́ ẹ bá ṣe é ní gbangba ó dáa, ó wà níbẹ̀ pé tẹ́ ẹ bá ṣe é ní kọ̀rọ̀ fún aláìní, ó dáa jù. Mi ò wá bá yín wàásù, ilé tèmi dà pọ̀, mùsùlùmí ni ilé tí mo ti jáde, onítẹ̀bọmi ni bàbá àwọn ọmọ, nítorí náà ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ni wọ́n ti ń bá mi wí.

Ọmọ kan wà ládùúgbò wa, ẹnì kan gbé e sórí status níbi tó ti gba ìrẹsì, ó rẹ́rìn-ín nínú fọ́tò yẹn pàápàá. Oṣù Kìíní, wọ́n wọlé ìwé padà, orúkọ tí àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ń pè é ni "Kóńgò Kan". Ẹni tó ya fọ́tò ò mọ̀, inú ẹ̀ dùn pé òun ṣoore. Bàbá Ìbejì, tí Táyé àti Kẹ́hìndé bá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ tí wọ́n jọ jẹ́ ẹgbẹ́, tí àwọn mú ọ̀rá dání, tí tọ̀hún nawọ́, kí lẹ rò pé wọ́n ń rí kọ́? Pé àwọn ga, tọ̀hún kéré. Wọn ò nílò ẹ̀kọ́ yẹn, ayé á kọ́ wọn.

Jẹ́ n sọ èyí kí n tó gbàgbé, torí ó ju ọ̀rọ̀ fọ́tò lọ. Ẹ ò ní tíì gbàgbé ọjọ́ kejìdínlógún oṣù Kejìlá ọdún 2024, ní Bàṣọ̀run n'Íbàdàn. Àwọn ọmọdé ni wọ́n pè wá ṣe fàájì ọdún, èrò pọ̀ ju àyè lọ, ọmọ 35 ló bá a lọ. Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn ẹ̀ ó tún ṣẹlẹ̀ l'Ókìjà ní Anambra àti l'Ábùjá, níbi tí wọ́n ti ń pín ìrẹsì àti oúnjẹ. Kì í ṣe pé àwọn tó pín in jẹ́ èèyàn burúkú. Bá a bá pariwo ọ̀fẹ́ níta, ebi á gbé gbogbo ìlú wá. Látọdún yẹn mi ò gbà kí ẹnikẹ́ni fi iwájú ṣọ́ọ̀bù mi pín nǹkan mọ́. Tẹ́ ẹ bá ra ìrẹsì lọ́dọ̀ mi, ẹ gbé e lọ bá wọn nílé, lójúlé lójúlé. Ó ń pẹ́, ó ń rẹni, kò sì ní fọ́tò tó dáa. Ẹ ṣe é bẹ́ẹ̀.

* * *

Ìyá Onírẹsì Tákíè:

Ẹnì kan tẹ̀ mí láago pé ṣé gbogbo ohun tí mo mọ̀ ni ká má ṣe tibí ká má ṣe tọ̀hún, pé báwo ló ṣe yẹ kéèyàn ṣe é gan-an. Ó dáa.

Ìyá mi ni mo máa fi ṣe àpẹẹrẹ (àwọn tó jẹ owó ọdún mi yẹn náà). Ìparí ààwẹ̀ ni wọ́n máa ń yọ sàká fítírà, gbogbo ẹni tó wà nínú ilé ni wọ́n ń yọ tiẹ̀, títí kan ọmọ ọwọ́. Sáà kan ni, ìyẹn kéèyàn kó àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì papọ̀ kó fi bù ú lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Àbíkẹ́yìn mi, onísòwò èlé yẹn, wà lọ́dọ̀ wọn lọ́dún kan, ó ní òun lòún máa bù ú. Màmá ní ọwọ́ ẹ̀ kéré, ọwọ́ àgbà ni wọ́n ń lò. Ó ronú díẹ̀, ó ní "ẹ jẹ́ n bù ú lẹ́ẹ̀mẹ́jọ nígbà yẹn". Ó bu ti ilé èèyàn méje, ẹ̀ẹ̀mẹ́jọ mẹ́jọ, ìrẹsì ń dà sílẹ̀, Màmá jókòó tì í wọ́n ń kà á fún un, wọn ò kánjú. Tó bá jẹ́ èmi ni màá ti gbà á lọ́wọ́ ẹ̀.

Ó di àfẹ̀mọ́júmọ́, torí kí wọ́n tó kírun yídì ló gbọ́dọ̀ dé ọwọ́ ẹni tó máa gbà á, tó bá ti di ẹ̀yìn ìrun, sàráà lásán ni. Wọ́n da nǹkan bo abọ́ lórí, wọ́n ní: gba ẹ̀yìnkùlé lọ. Tó o bá débẹ̀, kúnlẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún ni kó o fi gbé e fún wọn. Sọ pé "Màmá ní kí n kí yín kú ọdún". Má wo inú ilé wọn yíká, má dúró gba nǹkan kan, má sọ fún ẹnikẹ́ni tó o bá pàdé lọ́nà pé kí ló wà nínú abọ́. Ó lọ, ó dé, ojú ẹ̀ ń dán, ó ní "Màmá, wọ́n mọ orúkọ mi! Wọ́n ní Àbẹ̀kẹ́, ọwọ́ ẹ ò ní gbẹ". Kò sẹ́ni tó sọ ọ̀rọ̀ tálákà létí ọmọ yẹn. Ilé Ìyá Alákàrà ló lọ, ìyá tó ti ń fún un lákàrà ọ̀fẹ́ láti kékeré. Lójú tiẹ̀ àkàrà ló lọ san padà.

Bí wọ́n ṣe kọ́ àwa náà nìyẹn ká tó gbàgbé. Ọjọ́ Kérésì, abọ́ ìrẹsì á jáde nílé onígbàgbọ́ lọ sílé mùsùlùmí, ọjọ́ Iléyá ẹran á padà wá, ọmọdé ló ń gbé e. Ṣé ẹ rántí? Ọmọ tí wọ́n rán níṣẹ́ yẹn lẹ́ẹ̀mẹ́wàá láàárọ̀ ọdún, ó ti mọ ilé tí ó ń fúnni àti ilé tí ó ń gbà, ó sì mọ̀ pé ilé kan náà ni.

* * *

Alàgbà Ìjẹ̀rú:

Èyí yé mi. Ẹran Iléyá ńkọ́? Àwọn ọmọ mi ní gbogbo ẹ̀ ló yẹ ká tọ́jú sí fíríìsà, pé ẹran ti wọ́n.

* * *

Ìyá Onírẹsì Tákíè:

Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n jù mí lọ sà, ìdá mẹ́ta ni, ti ilé, ti ẹbí òun ará àdúgbò, ti aláìní. Kí wọ́n má sì jẹ́ kí alápatà gbé awọ lọ ní owó iṣẹ́ ẹ̀ o, ìyẹn ò tọ́, owó ni kí wọ́n san fún un. Ẹ sọ fún wọn pé àgbà tó bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá ẹ̀ délé. Bí wọ́n bá ní àwọn kì í ṣe àgbà, ẹ gba kọ́kọ́rọ́ fíríìsà.

* * *

Sisí LAUTECH:

Gbogbo yín ń sọ ti abọ́, kò sẹ́ni tó sọ ti abọ́ tí kì í padà. Mọ́mì mi ti ra kúlà mẹ́ta láàárín ọdún méjì.

* * *

Ìyá Onírẹsì Tákíè:

Hmmm, má jẹ́ n sunkún. Nílé wa, wọn kì í dá abọ́ padà lófìfo, ó kéré tán wọ́n á fi máńgòrò méjì sí i, ìyẹn tó bá jẹ́ àsìkò ẹ̀, ẹ sì mọ̀ pé máńgòrò ò wọ́n wa l'Ógbómọ̀ṣọ́. Mo rò pé ìyẹn ló fà á tí abọ́ kì í fi padà, wọ́n ń retí ọjọ́ tí wọ́n máa ní nǹkan tí wọ́n máa fi sí i.

* * *

Ìyá Ọ̀pẹ́:

Ẹ gbà mí mà. Tèmi ò háwọ́ rárá, ìdàkejì ni. Gbogbo oníbáárà tá a bá rí ní Sábó ló fẹ́ fún lówó, bàbá ẹ̀ sì ní iṣẹ́ ni wọ́n fi ṣe, pé a kàn ń bá wọn tọ́jú ọ̀lẹ ni.

* * *

Ìyá Onírẹsì Tákíè:

Bàbá ẹ̀ lè sọ òótọ́ nípa ẹnì kan nínú mẹ́wàá wọn, kò mọ èwo, èmi náà ò mọ̀. Èmi ń fún wọn. Àmọ́ ẹ fún un ní òdiwọ̀n: owó báyìí ni tòní, tó bá ti tán ó tán, kí òun fúnra ẹ̀ yan ẹni tó máa fún. Kó má jù ú láti inú kẹ̀kẹ́ Márúwá bí ẹni ń ju egungun fájá, kó sọ̀ kalẹ̀, kó kí wọn, ọwọ́ ọ̀tún. Tí ò bá sì sí owó lọ́jọ́ yẹn, kó kí wọn náà. Ọ̀pọ̀ ọmọ ló mọ bí wọ́n ṣe ń nawọ́ owó sí alágbe tí ò lè wò ó lójú.

* * *

Bàbá Ìbejì Ọ̀yọ́:

Ẹ ṣé púpọ̀ gbogbo ilé. Mo kà á sétí ìyàwó mi láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ìgbà tó dé ibi owó ọdún ló bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, torí owó Iléyá àwọn ìbejì ṣì wà lọ́wọ́ ẹ̀. A da báàgì yẹn sílẹ̀ ní pálọ̀, a ní kí wọ́n fúnra wọn ṣà á. Táyé mú bàtà pupa ẹ̀, ó sá wọ yàrá. Lẹ́yìn wákàtí kan ó jáde wá, ó ju okùn ìfò ẹ̀ sínú báàgì, okùn tó dáa, tó ń fò lójoojúmọ́. Kẹ́hìndé ò fi nǹkan kan síbẹ̀, ó ní òun ṣì ń rò ó. Ìyá wọn ní okùn kì í ṣe nǹkan tí wọ́n ń gbé lọ fún aláìlóbìí, ẹ ní kí la ṣe?

* * *

Ìyá Onírẹsì Tákíè:

Ẹ gbé okùn lọ. Ẹ sì jẹ́ kí Kẹ́hìndé máa rò ó, ẹ má bi í mọ́.

Nǹkan kan ṣoṣo: ẹ pe ilé àwọn ọmọ yẹn lórí fóònù kẹ́ ẹ tó lọ, ẹ béèrè ohun tí wọ́n nílò. Níbí, tá a ní Kersey Home tí míṣọ́nnárì onítẹ̀bọmi, Ruth Kersey, dá sílẹ̀ láyé àtijọ́, àwa tá à ń ta oúnjẹ mọ bí oṣù Kejìlá ṣe máa ń rí, gbogbo ayé ló ń gbé ìrẹsì àti Indomie lọ sílé àwọn ọmọ. Tó bá di oṣù Kejì, kò sẹ́ni tó ń bá mi ra kóńgò kan fún irú ẹ̀ mọ́, ọmọ sì ń jẹun nínú oṣù Kejì. Ọṣẹ ńkọ́? Pámpáàsì ńkọ́? Ìwé àti báírò ńkọ́? Tó bá jẹ́ tèmi ni, ìdajì owó yẹn máa dúró de ọjọ́ tí kò sí ọdún kankan.

Kí ìyàwó yín sì gba "ahun" yẹn padà lẹ́nu ara ẹ̀, kí Táyé gbọ́ ọ. Ó tún lè dá owó Iléyá wọn padà tí ọwọ́ ẹ̀ bá tẹ̀ ẹ́, bí ò tiẹ̀ pé.

Ẹ jẹ́ n lọ, àwọn kan ti dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ní pípín ni. Ẹni tí abọ́ aláwọ̀ ewé mi tó ní ọmọrí wà lọ́wọ́ ẹ̀ láti Iléyá, ẹ kàn gbé e wá bẹ́ẹ̀, mi ò retí máńgòrò.